Ọ̀pá Wastegate Tí Mo Fojú Kéré

Ọ̀pá irin tó ń ṣí wastegate, ìyẹn ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ki afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì), kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, kò sì nípọn ju bírò lọ. Nọ́ọ̀tì kan ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọdé tó bá ti mọ sípánà dì mú lè yí i, ìyẹn gan-an ló sì kó mi sí wàhálà. Iṣẹ́ tó bá le, èèyàn á kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Èyí tó bá rọrùn, ọwọ́ la kàn máa ń kì bọ̀ ọ́. Mo kì í bọ̀ ọ́, mo sì fi oṣù mẹ́rin jẹ ìyà rẹ̀. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì kan (èyí tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì) lọ sí i, hóòsì kan bẹ́, ọkọ̀ dúró sójú kan nígbà tí iṣẹ́ wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ de tọ́bò ńlá mọ́ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, tó ń wo ọ̀pá yẹn tí ọwọ́ ń yún un, òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ akẹ́rù ni mo ń wà, òkúta àti iyanrìn ni mo fi ń kó. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì onípísítínì mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ tọ́bò tó dé, mo ti pààrọ̀ àwọn injector tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì sí èyí tó tóbi, mo sì ti ní kí wọ́n bá mi tún ètò kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ṣe kó lè máa da epo sí i. Ọkọ̀ lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n èéfín dúdú ń rú lẹ́yìn mi bí ìgbà tí wọ́n ń sun táyà, géèjì ìgbóná èéfín sì ń gun òkè ju ibi tí ara mi gbà lọ. Epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Mo wá ra tọ́bò tó tóbi ju ti àtijọ́ kí afẹ́fẹ́ lè bá epo dọ́gba. Èrò yẹn dára, mi ò kábàámọ̀ rẹ̀ dòní.

Ọjọ́ tí mo dè é ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, mi ò sì mọ̀. Ẹnu tí tọ́bò tuntun fi ń tú afẹ́fẹ́ jáde kò kọjú sí ibi tí hóòsì mi wà. Wọ́n ṣe é kó ṣeé yí: bóòtì mélòó kan ló de ilé tútù, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó ń fa afẹ́fẹ́, mọ́ àárín tọ́bò; tí o bá dẹ̀ wọ́n, ilé náà á yí síbi tó wù ọ́. Mo dẹ̀ wọ́n, mo yí i, mo tún wọn dè. Hóòsì wọ ẹnu rẹ̀ wẹ́kú, inú mi dùn. Ohun tí mi ò wò ni agolo wastegate, ìyẹn agolo tó ń ti ọ̀pá yẹn. Ilé tútù yẹn gan-an ni bírákẹ́ẹ̀tì agolo náà so mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ gbígbóná ni ilẹ̀kùn tí ọ̀pá rẹ̀ ń tì wà. Bí mo ṣe yí ilé tútù, mo ń gbé agolo sún mọ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀pá tí gígùn rẹ̀ ṣe rẹ́gí tẹ́lẹ̀ ti wá gùn jù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ó yẹ kí n dúró sọ bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí èmi fúnra mi yí i kí n tó mọ̀. Èéfín tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ló ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ kan ní ẹ̀gbẹ́ gbígbóná. Ṣáàfùtù kan ṣoṣo ló so abẹ̀bẹ̀ yẹn mọ́ èkejì ní ẹ̀gbẹ́ tútù, èkejì yìí ló sì ń ki afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ipá tí afẹ́fẹ́ yẹn fi ń wọlé là ń pè ní boost. Bí epo bá ṣe pọ̀ tó ni èéfín ń pọ̀ tó, bí èéfín bá ṣe pọ̀ tó ni abẹ̀bẹ̀ ń sáré tó, tí a bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun kan máa já. Wastegate ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó ń ṣí àbùjá sílẹ̀ kí díẹ̀ lára èéfín gba ẹ̀gbẹ́ kọjá láìfẹ́ abẹ̀bẹ̀. Nínú agolo tó ń ṣí i, awọ rọ́bà kan wà àti sípíríńgì. Hóòsì tín-ín-rín kan ń gbé boost wá bá awọ yẹn. Bí boost bá borí sípíríńgì, ọ̀pá á yọ síta, á ti apá ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn á ṣí. Tí ọ̀pá bá gùn jù, ilẹ̀kùn ò ní tì. Tí o bá yí i kó kúrú, yóò fa ilẹ̀kùn mọ́ra pinpin, boost á ní láti pọ̀ sí i kó tó lè ṣí i. Ohun tí nọ́ọ̀tì yẹn ń sọ kò ju ìgbà tí ilẹ̀kùn yóò ṣí lọ. Èmi rò pé agbára ẹ́ńjìnnì ló ń sọ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé e jáde, ojú tì mí. Tọ́bò tuntun ya ọ̀lẹ ju ti àtijọ́ lọ. Mo tẹ iná mọ́lẹ̀, èéfín dúdú kún ẹ̀yìn, ọkọ̀ ń fà bí ẹni tó ń gbé ẹrù àìfẹ́. Mo ti so géèjì boost tuntun mọ́ iwájú mi lọ́jọ́ tí mo de tọ́bò. 14 psi (psi la fi ń wọn ipá afẹ́fẹ́) ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ dé, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ gbé kóòdù P0299 jáde, ìyẹn ni pé boost kò tó. Ohun tó dùn mí jù ni pé nígbà tí tọ́bò àtijọ́ wà níbẹ̀, mo máa ń rí 33 psi lójú ẹ̀rọ tí mo fi ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Láti 33 wá sí 14! Mo pe ẹni tó ta tọ́bò fún mi, mo sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ sí i. Mo tún yọ injector méjì wò, wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń wá olè tó wà nínú ilé lọ sí ìta.

Èyí tó sì burú níbẹ̀ ni pé mo ń ṣiṣẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Ìgbóná èéfín ṣáájú tọ́bò ń kan 720°C lórí òkè. Ibi tí ọ̀pọ̀ àwa tí a ń fi dísẹ́ẹ̀lì fa ẹrù máa ń fi ààlà sí ni nǹkan bí 680°C, pàápàá tó bá máa pẹ́ níbẹ̀. Alumíníọ̀mù ni písítínì inú ẹ́ńjìnnì tèmi, 660°C sì ni alumíníọ̀mù tí wọn ò lú mọ́ nǹkan míì ti ń yọ́. Ohun tó ń gbà á là ni ọ́ìlì tó ń tù ú nísàlẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tó ń tù ú lókè. Tí afẹ́fẹ́ yẹn bá dín kù bíi tèmi, ìwọ̀nba àkókò ló kù.

Níkẹyìn mo tú páìpù èéfín tó wà lẹ́yìn tọ́bò, mo sì tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn wastegate wà lójú mi kedere, ó sì là díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi èékánná kọ́ ilẹ̀kùn kó má bàa tì. Èéfín ti kun etí àlàfo náà dúdú. Gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni èéfín ti ń gba ẹ̀yìn sá lọ. Mo tún pe ẹni tó ta tọ́bò, mo tọrọ àforíjì. Ó rẹ́rìn-ín.

Ká ní mo yí ọ̀pá náà títí ilẹ̀kùn fi tì, tí mo fi mílímítà méjì lé e, tí mo sì dúró, ìtàn ì bá parí síbí. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ẹni tí inú ń bí kì í ka ìyípo. Mo yọ kílíìpù kékeré tó di ojú ọ̀pá, ìyẹn orí rẹ̀ tó ní ihò, mú mọ́ apá ilẹ̀kùn, ó ta lọ sínú kòríko, mi ò rí i mọ́. Mo yí ojú ọ̀pá ní ìgbà mẹ́jọ kí ọ̀pá lè kúrú, mo fa á tipátipá títí ó fi wọ ìdí rẹ̀, mo sì fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so ó dípò kílíìpù. Wáyà yẹn já lọ́jọ́ kejì. Ojú ọ̀pá bọ́ kúrò lára apá ilẹ̀kùn, èéfín ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, mo sì rọra wọ́ ọkọ̀ délé láìsí boost rárá. Kílíìpù tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́! Ẹ ra mẹ́ta tàbí mẹ́rin síwájú kí ẹ tó yọ èyí tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì fi ìka kan bò ó bí ẹ bá ń yọ ọ́.

Nígbà tí mo rí kílíìpù gidi fi sí i, mo jáde. Ọkọ̀ fò! Mi ò purọ́, mo kígbe nínú ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ gun 33, mo ní, “Ó pé, ibi tó ń dé tẹ́lẹ̀ nìyí.” Lórí òkè ó kan 36, mo ní èrè ni.

Ẹ wo àṣìṣe tó wà nínú 33 yẹn, nítorí mi ò tíì rí ẹni tó kìlọ̀ rẹ̀ fún mi rí. Ohun tí ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi hàn mí láyé tọ́bò àtijọ́ kì í ṣe boost nìkan. Ó ka ipá afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run tó wà lórí gbogbo wa mọ́ ọn, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 14.7 psi ní ẹsẹ̀ òkun. Géèjì tuntun tí mo so mọ́ iwájú kì í ka ìyẹn. Òdo ló ti ń bẹ̀rẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní pípa. Nítorí náà, 33 ti àtijọ́ kò ju boost bíi 18 lọ. Géèjì méjì ń sọ èdè méjì, èmi ń fetí kan ṣoṣo gbọ́ ọ. Mo rò pé ibi tí mo wà tẹ́lẹ̀ ni mo padà sí, àfi ìgbà tó yé mi pé mo ti sún mọ́ ìlọ́po méjì. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sì kìlọ̀: kóòdù P0234 yọ, boost ti pọ̀ jù. Mo pa á rẹ́. Ó tún yọ, mo tún pa á rẹ́. Ìgbà wo ni kóòdù tó pariwo pé ó kéré di ọ̀rẹ́ mi, tí èyí tó pariwo pé ó pọ̀ wá di ọ̀tá?

Lọ́sẹ̀ kẹta, ẹrù kún, òkè gíga, gíá kẹrin. Mo gbọ́ “gbàù!” lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ìgbà tí táyà bẹ́. Agbára tán lẹ́ẹ̀kan náà, èéfín dúdú bo dígí ẹ̀yìn. Hóòsì tó lọ sí intercooler, ìyẹn ohun tó ń tu afẹ́fẹ́ tó ti inú tọ́bò jáde, ti já kúrò lẹ́nu páìpù, ó sì ti ya. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo sì fi kílámpù tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ dè é. Nígbà yẹn mo rò pé ọgbọ́n ni. Hóòsì tó bẹ́ yẹn ló ń bá mi sọ̀rọ̀, mo sì fún un lọ́rùn kó má bàa lè sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí ibi tó rọ̀ kò lè ya mọ́, ibi tó le ló kàn. Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ru jáde láti inú ike omi rẹdíétọ̀ bí mo bá ti fa ẹrù, tí mo bá sì ṣí i nígbà tó tútù, ó ń rùn bí èéfín. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ. Ipá inú sílíńdà ti gbé orí ẹ́ńjìnnì sókè díẹ̀ kúrò lára gásíkẹ́ẹ̀tì.

Bàbá àgbàlagbà kan ló bá mi tú u. Mẹkáníìkì ni, àwọn ẹ́ńjìnnì ńlá ló ń ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀. Kí ó tó mú sípánà ó bi mí ní ìbéèrè kan: “Boost rẹ ń lu 36, mo gbọ́. Èéfín tó wà níwájú tọ́bò ńkọ́? Mélòó lòun ń lù?”

Mo ní, “Bàbá, ìgbóná rẹ̀ ni mo ń wò.”

“Mi ò bi ọ́ léèrè ìgbóná. Ipá rẹ̀ ni mo bi ọ́.”

Mi ò mọ̀. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Bàbá ní ìdí nìyẹn tí mo fi wà níbi tí mo wà. Ó ṣàlàyé pé tọ́bò kì í fún èèyàn ní afẹ́fẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá tì pinpin, èéfín á há sáàárín ẹ́ńjìnnì àti abẹ̀bẹ̀. Písítínì tó ń gòkè láti tú èéfín dànù á ní láti fi agbára tì í, díẹ̀ lára rẹ̀ á sì kù sínú sílíńdà, á gba àyè lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ tuntun. Ọ̀pá tó kúrú lè mú géèjì boost gòkè, kí ẹ́ńjìnnì má sì rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀. Tún fi kún un pé afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá fún pọ̀ kọjá ibi tí abẹ̀bẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe ń gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná kò sì kún inú bíi tútù.

Níwọ̀n ìgbà tí mánífóòdù, ìyẹn irin tó ń kó èéfín láti inú ẹ́ńjìnnì wá sí tọ́bò, ti wà nílẹ̀ nítorí gásíkẹ́ẹ̀tì, a lu ihò kékeré sí i níbẹ̀. Bàbá kò gbà kí a lù ú nígbà tó bá wà lára ẹ́ńjìnnì: irin wẹ́wẹ́ kan tó bá bọ́ síbẹ̀, abẹ̀bẹ̀ tọ́bò ló máa kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. A so páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ihò náà, a wé e bí sípíríńgì kí ooru lè ti jáde lára rẹ̀ kó tó dé ibi tí rọ́bà wà, a sì parí rẹ̀ sí géèjì tó lè ka 100 psi. Nínú gbogbo ohun tí mo ti fi owó rà fún ọkọ̀ yẹn, kò sí èyí tó kọ́ mi ní nǹkan tó géèjì yẹn.

Kí a tó jáde, ó ní kí a wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò. Mo ní hóòsì ṣẹ̀ṣẹ̀ ni. Ó wò mí. A dí ẹnu tọ́bò, a fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ táyà ki nǹkan bí 20 psi wọ inú gbogbo páìpù títí dé ẹ́ńjìnnì, a sì ń da omi ọṣẹ sí ibi ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Fóòmù rú lẹ́nu intercooler, níbi tí hóòsì ti ya lábẹ́ kílámpù, ibi tí ojú kò lè rí. Tí afẹ́fẹ́ bá ń jò níbẹ̀, tọ́bò á máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ láti dí àlàfo rẹ̀, ìwọ á sì rò pé ọ̀pá ló fẹ́ yíyí. (Ẹ má dúró níwájú ohun tí ẹ fi dí ẹnu tọ́bò. Tèmi fò kọjá létí mi.)

Lẹ́yìn náà ló mú pọ́ǹpù ọwọ́ tó ní géèjì jáde, ó so ó mọ́ ẹnu agolo wastegate, ó sì gbé géèjì mílímítà tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá. Ẹ́ńjìnnì ti tútù, ó wà ní pípa. Bó ṣe ń fún pọ́ǹpù, a ń wo ọ̀pá. Kò mira títí dé 27 psi. Ó tú ojú ọ̀pá kúrò, ó sì fi hàn mí: agolo mi lè ti ọ̀pá jáde ní mílímítà 12 tán pátápátá. Nínú ìyípo mẹ́jọ tí mo yí, mẹ́ta àkọ́kọ́ ló fi ti ilẹ̀kùn. Márùn-ún tó kù ló fi na sípíríńgì kó tó ṣiṣẹ́ kankan. Ojú ọ̀pá tèmi ni síkúrúù tó jẹ́ pé ìyípo kan jẹ́ mílímítà kan. Mílímítà 5 ti lọ, 7 péré ló kù fún ilẹ̀kùn láti fi ṣí. Ìdí nìyẹn tí boost mi fi ń sá lọ sókè bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ké: ilẹ̀kùn ti dé ibi tó lè ṣí dé, èéfín sì pọ̀ ju àlàfo rẹ̀ lọ. Kò sí ìyípo tó lè wo irú ìyẹn sàn tí ẹni tó ń yí i bá ń yí i sí apá tí mo ń yí i sí.

A dẹ̀ ẹ́ ní ìyípo kan ààbọ̀. Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ padà sí 36 rárá, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni. Ìdajì ìdajì la sì ń lọ, nítorí ojú ọ̀pá pẹlẹbẹ, ìdajì ìyípo nìkan ló lè wọ ìdí rẹ̀ gún régé. Ẹni tó bá fi ipá wọ ọ́ ní gẹ́gẹ́rẹ́gẹ́ ló ń mú ọ̀pá fi ẹ̀gbẹ́ ha ara. Lórí òkè kan náà, pẹ̀lú ẹrù kan náà, gíá kẹrin kan náà, boost dúró lé 30. Géèjì kejì, ti ipá èéfín, ka 54. Bàbá fi ìka lu dígí géèjì náà. “O rí i? Méjì ni o ń san fún ọ̀kan.”

A padà, a dẹ̀ ẹ́ ní ìyípo kan ààbọ̀ míì. Ní orí pọ́ǹpù, ọ̀pá wá ń mira ní 21. Lórí òkè, boost dúró lé 26, ipá èéfín 34. Mo ń dúró kí ọkọ̀ rọ̀, kò rọ̀. A dé orí òkè ní eré kan náà, ìgbóná èéfín sì wálẹ̀ láti 700 sí 665°C. Mo bi Bàbá pé ṣé géèjì ń purọ́ ni. Ó ní èyí tó ń purọ́ fún mi tẹ́lẹ̀ náà kọ́ nìyí.

Ẹ máa rí i pé 21 orí pọ́ǹpù kọ́ ni 26 ojú ọ̀nà. Ilẹ̀kùn kì í ṣí gbayawu lẹ́ẹ̀kan náà. 21 ló bẹ̀rẹ̀ sí í là, boost á ṣì máa gùn títí tí àlàfo á fi tó. Bẹ́ẹ̀ èéfín fúnra rẹ̀ tún ń ti ilẹ̀kùn yẹn láti inú, kò dúró de agolo nìkan, nǹkan tí pọ́ǹpù ò sì lè fi hàn ọ́ nìyẹn. Pọ́ǹpù wà fún kí o lè mọ ibi tí o ti kúrò àti ibi tí o lè padà sí. Òkè ló ń sọ òótọ́ tó kù.

Ohun kan tún wà lórí wíwo géèjì. Lọ́jọ́ kan kí Bàbá tó dá sí ọ̀rọ̀ mi, mo tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ débi pé táyà iwájú bọ́ sínú yanrìn ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹrù kún ẹ̀yìn mi. Láti ọjọ́ yẹn, ẹlòmíràn ló ń jókòó tì mí tó ń ka géèjì sókè, èmi ń wo ọ̀nà. Òun náà ló ń kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí ohun tí èèyàn bá rántí lórí òkè, ó máa ń fi méjì mẹ́ta kún un kó tó délé.

Ìwé yẹn ṣì wà nínú ọkọ̀. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní iye ìyípo, ibi tí ọ̀pá ti mira lórí pọ́ǹpù, boost, ipá èéfín, ìgbóná, gíá, bóyá oòrùn mú tàbí òjò rọ̀. Mo fi ọ̀dà funfun fa ilà láti orí nọ́ọ̀tì wọ ara ọ̀pá, kí n lè mọ̀ bí ó bá yí. Gbogbo ìgbà tí mo bá pààrọ̀ ọ́ìlì ni mo ń so pọ́ǹpù mọ́ ọn. Ìgbà tí mo so ó gbẹ̀yìn, ọ̀pá mira ní 21 bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo so ó mọ́ hóòsì tín-ín-rín náà kí n lè dán òun náà wò, abẹ́rẹ́ kò dúró. Ó ń rọra ń bọ̀ wálẹ̀, 20, 19, 18. Mo fi ìka tọ hóòsì náà láti ẹnu tọ́bò wá, mo sì bá ibi tó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé gbígbóná, kò gùn ju igi ìṣáná lọ. Boost tó ń jò níbẹ̀ ni agolo kò ní rí, ilẹ̀kùn ì bá sì máa pẹ́ kó tó ṣí, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí mo fọwọ́ ara mi yí ọ̀pá kúrú. Mo ju hóòsì náà nù, mo fi èyí tó lè gba ooru rọ́pò rẹ̀, mo gbé e jìnnà sí irin gbígbóná, mo sì kọ ọjọ́ náà sínú ìwé.